Máàpù Tí Kò Hàn Nínú QGIS: Ohun Tí Ìrírí Kọ́ Mi

Bí layer kan, ìyẹn ìpele dátà kan lórí máàpù, kò bá hàn nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ni Symbology, níbi tí a ti ń yan àwọ̀ àti ìrísí. Wọn á yí àwọ̀ ewé sí pupa, wọn á mú kí ìlà nípọn sí i, wọn á yọ layer náà kúrò, wọn á tún un gbé wọlé, síbẹ̀ síkírínì á ṣì funfun báláú. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé àwọ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Nọ́ńbà ló máa ń jẹ̀bi: nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé, àti orúkọ tí a fún nọ́ńbà yẹn. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan àwọ̀, mo máa ń ka nọ́ńbà. Mo fi orúkọ àwọn bọ́tìnnì sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe rí wọn lójú síkírínì, kí ó má baà ṣòro láti wá wọn.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Àwọn nǹkan kan wà tí wíwò wọn kò gba àkókò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò wọ́n. Ẹ wo ìsàlẹ̀ síkírínì lápá ọ̀tún. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Render sí. Bí àmì inú rẹ̀ bá ti kúrò, QGIS kò ní ya ohunkóhun, bó ti wù kí dátà yín pé tó. Ọwọ́ lè ṣèèṣì kàn án. Àwọn mìíràn sì máa ń dìídì pa á nígbà tí fáìlì ńlá bá ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, wọn á wá gbàgbé láti tan án padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àpótí iwájú orúkọ layer, kí ẹ sì wo ti group tí ó wà nínú rẹ̀, torí bí group bá ti kú, layer inú rẹ̀ kò ní hàn bí àmì tirẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tó dà bí àrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ layer, filter tó ń fi apá kan dátà pamọ́ ló wà lórí rẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bí orúkọ layer bá sì ṣú bí eérú, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fún un ní ìwọ̀n scale tí kò gbọdọ̀ hàn kọjá. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Zoom to Visible Scale, tàbí kí ẹ lọ pa Scale Dependent Visibility nínú Layer Properties, ní Rendering.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ layer náà, kí ẹ yan Zoom to Layer. Èsì rẹ̀ ló ń darí gbogbo ìyókù. Bí nǹkan bá hàn, dátà yín wà, ibòmíràn ni ẹ ń wò tẹ́lẹ̀. Bí síkírínì bá gbé yín lọ síbi tí ẹ kò retí, bóyá àárín òkun tàbí apá kejì Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ CRS ni, ìyẹn ètò tó ń sọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí lórí ilẹ̀ ayé. Bí kò bá mì rárá, ó ṣeé ṣe kí layer náà ṣófo, tàbí kí nọ́ńbà inú rẹ̀ má ṣeé yí padà sí CRS iṣẹ́ yín. Bí ó bá sì sún sẹ́yìn débi pé òkun àti ilẹ̀ tí kò kàn yín kún ojú síkírínì, tí gbogbo ilé tí ẹ wọ̀n wá di ẹ̀kán kan ní igun, point kan, ìyẹn àmì ibi kan ṣoṣo, ti ṣìnà.

Nọ́ńbà ń sọ ibi tó ti wá

Ẹ ṣí Layer Properties, ẹ lọ sí Information, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Extent sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: X àti Y tó kéré jù, X àti Y tó pọ̀ jù. Nísàlẹ̀ wọn ni CRS. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé nọ́ńbà wọ̀nyí bá CRS tí a kọ sí wọn mu?

Ẹ jẹ́ ká fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Bí dátà bá wà ní dígírì, tí í ṣe EPSG:4326 (EPSG ni nọ́ńbà tí a fi ń dá CRS kọ̀ọ̀kan mọ̀), X á jẹ́ nǹkan bí 3.4, Y á jẹ́ nǹkan bí 6.5. Bí ó bá jẹ́ WGS 84 UTM Zone 31, tí í ṣe EPSG:32631 (UTM pín ayé sí zone, mítà ló sì fi ń wọ̀n), X á tó nǹkan bí 544,000, Y á tó nǹkan bí 719,000. Bí ó bá jẹ́ Nigeria West Belt tó wà nínú àwọn ìwé sọ́fè àtijọ́, tí í ṣe EPSG:26391, X á jẹ́ nǹkan bí 109,000, Y nǹkan bí 276,500. Bí ó bá jẹ́ Web Mercator tí àwọn máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, tí í ṣe EPSG:3857, X á jẹ́ nǹkan bí 378,000, Y nǹkan bí 725,000. Ti Ìbàdàn nìyí: 3.9 àti 7.4 ní dígírì, 599,000 àti 816,000 ní UTM, 165,000 àti 374,000 ní West Belt. Mo gba ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nímọ̀ràn pé kí ó kọ nọ́ńbà ìlú tirẹ̀ sórí pépà, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní máa méfò mọ́.

Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ó máa ń ju máàpù sí, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń tú àṣìṣe náà fó. Bí X àti Y bá pààrọ̀ ipò, Èkó á lọ sínú òkun, ní gúúsù Niger Delta, torí ibẹ̀ ni 6.5 ìlà oòrùn àti 3.4 àríwá wà. Bí nọ́ńbà dígírì bá wà lábẹ́ orúkọ UTM 31, dátà yín á bọ́ sórí ìlà agbedeméjì ayé, nínú òkun gúúsù Ghana, á sì súnkì: ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó fẹ̀ tó nǹkan bí dígírì kan á di ohun tí kò ju bíi mítà kan lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé QGIS ń ka dígírì kọ̀ọ̀kan sí mítà kan. Bí nọ́ńbà UTM 31 bá wà lábẹ́ orúkọ UTM 32, Ìbàdàn á fò lọ sí agbègbè Takum ní ìpínlẹ̀ Taraba, dígírì 6 gééré sí ìlà oòrùn. Ààlà Zone 31 àti 32 wà lórí dígírì 6: láti Ìdí-Ìrókò títí dé Ìkàrẹ́ Àkókó, Zone 31 ni, Lọ́kọ́jà ti bọ́ sí 32. Bí nọ́ńbà Web Mercator bá wà lábẹ́ orúkọ UTM 31, Èkó á lọ jókòó nítòsí adágún Ahémé ní orílẹ̀-èdè Benin. Èyí máa ń rú àwọn ènìyàn lójú gan-an, torí Y ti 725,000 jọ Y ti UTM, X nìkan ló ń tú u fó. Bí nọ́ńbà UTM bá sì wà lábẹ́ orúkọ EPSG:4326, kò ní hàn rárá, torí kò sí dígírì 544,000 níbì kankan láyé.

Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé tètè rí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tó hàn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àyè rẹ̀. Àwọn ìwé sọ́fè tó pọ̀ ní Nàìjíríà dá lórí Minna datum (datum ni ìpìlẹ̀ tí a ti ń ka nọ́ńbà ibi), tó ń lo ìṣirò ìrísí ayé tí wọ́n ń pè ní Clarke 1880, nígbà tí GPS inú fóònù ń lo WGS 84. Minna UTM Zone 31 ni EPSG:26331. Nọ́ńbà rẹ̀ àti ti EPSG:32631 jọra bí ìbejì, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀kan pe èkejì, máàpù Èkó á yẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 mítà. Púlọ́ọ̀tì 60 fíìtì sí 120 fíìtì kò gùn ju nǹkan bí 37 mítà lọ. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ ẹlòmíràn pátápátá ni ẹ ó máa ya. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ datum sí lórí ìwé sọ́fè náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ sọ̀féyọ̀ tó ṣe é kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí QGIS bá sì mú àpótí Select Transformation wá, ẹ má kàn tẹ OK. Ẹ ka kọ́lọ́ọ̀mù Accuracy, kí ẹ yan èyí tí wọ́n ṣe fún agbègbè yín. Èyí tí wọ́n bá pè ní ballpark kò ṣí nǹkan kan nídìí láàárín datum méjèèjì, 100 mítà yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

Láti tún un ṣe, ọ̀nà méjì ló wà, dída wọn pọ̀ ló sì ń ba dátà jẹ́ jù. Set Layer CRS dà bí ìgbà tí ènìyàn yí àkọlé ara ìgò padà: bí òróró ló wà nínú ìgò tí ẹ lẹ epo pupa mọ́, òróró náà ni. Kò yí nọ́ńbà kankan padà. Òun ni ẹ ó lò nígbà tí nọ́ńbà bá tọ̀nà, tí orúkọ rẹ̀ sì ṣì. Nígbà tí nọ́ńbà àti orúkọ bá bára mu, ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ kí dátà wà ní CRS mìíràn, Export, Save Features As ni, ẹ yan CRS tuntun níbẹ̀, a ó sì ṣírò nọ́ńbà tuntun sínú fáìlì tuntun. Ẹni tó bá mú fáìlì dígírì, tó fi Set Layer CRS kọ 32631 sí i kí ó lè fi mítà wọ̀n ilẹ̀, ti sọ gbogbo ìpínlẹ̀ kan di mítà kan nìyẹn. Ẹ rántí pé inú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nìkan ni Set Layer CRS ń gbé; ẹlòmíràn tí ẹ bá fi shapefile náà (irú fáìlì máàpù kan) ránṣẹ́ sí á tún bá ìṣòro kan náà pàdé. Define Shapefile Projection nínú Processing Toolbox ló ń kọ ọ́ sínú fáìlì .prj.

Àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ layer túmọ̀ sí pé kò ní CRS rárá. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹni tó fi shapefile ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò fi .prj rẹ̀ mọ́ ọn. Shapefile kì í ṣe fáìlì kan. .shp ló ní ìrísí, .shx ló ní atọ́ka, .dbf ló ní tábìlì, .prj ló ní CRS, .cpg ló ń sọ irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ tábìlì. Ẹ di gbogbo wọn sínú zip kan, tàbí kí ẹ lo GeoPackage, tí í ṣe fáìlì kan ṣoṣo.

Fún CSV, ìyẹn tábìlì tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ lọ gba Add Delimited Text Layer. Longitude ni X, latitude ni Y. Ẹ̀rọ lè ṣèèṣì dá a yàn sódì, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bí wọ́n bá kọ 6,5 dípò 6.5, ẹ fi àmì sí Decimal separator is comma. Bí tábìlì bá ṣí tí ohun kan kò hàn lórí máàpù, bóyá No geometry ni ó wà níbi tí ó yẹ kí Point coordinates wà. Ní ti point tó ṣìnà tí mo mẹ́nu bà, ibi tó máa ń lọ ni 0,0, nínú òkun gúúsù Ghana, torí ẹni tó ń kọ dátà sílẹ̀ fi òdo sí ibi tí kò rí nọ́ńbà. Ẹ lo Select by Expression:

$x = 0 AND $y = 0

Ẹ wo àwọn tó bá yàn, ẹ tún wọn ṣe tàbí kí ẹ pa wọ́n rẹ́, Zoom to Layer á sì padà sí ìwọ̀n tó yẹ.

Nígbà tí orúkọ ìlú bá di rúdurùdu

Ibí yìí ni ọkàn mi wà jù, torí ìwé tó ń ṣàlàyé QGIS kì í sábà sọ ọ́, àwa tí a ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn ló sì máa ń dùn jù. Ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ àmì orí orúkọ ìlú kúrò. Ọ̀nà àbáyọ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú rúdurùdu tí ó jẹ́. Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, tí ẹ rí á¹£ níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà ṣ wà, kò sí ohun tó sọnù. UTF-8 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) ni fáìlì náà, QGIS ló ń kà á bí Windows-1252, tí í ṣe ọ̀nà mìíràn. Ẹ lọ sí Layer Properties, Source, kí ẹ yí Data source encoding sí UTF-8. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn, ẹ fi Notepad kọ UTF-8 sínú fáìlì kan, kí ẹ fún un ní orúkọ kan náà pẹ̀lú shapefile, kí ìparí rẹ̀ jẹ́ .cpg. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àmì ìbéèrè lásán ló wà níbi tí lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ yẹ kí ó wà, lẹ́tà náà ti sọnù nígbà tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì náà, torí ISO-8859-1 tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kò ní wọn. Kò sí bọ́tìnnì tó lè dá wọn padà. Ẹ padà sí orísun dátà. Bí ó bá sì jẹ́ àpótí kékeré onígun mẹ́rin ni ẹ rí lórí máàpù, nígbà tí tábìlì dára, fọ́ńtì ni. Noto Sans, DejaVu Sans àti Charis SIL gbé àmì wa dáadáa. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì yẹn, QGIS á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àmì ohùn sì lè yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà.

Orúkọ tí a gé kúrú tún wà. Nínú .dbf, báìtì ni a fi ń wọn fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù, kì í ṣe lẹ́tà. Ní UTF-8, ọ jẹ́ báìtì 3, àmì ohùn orí rẹ̀ jẹ́ báìtì 2. Ọ̀yọ́ tí ojú rí bíi lẹ́tà 3 jẹ́ báìtì 11, Ògbómọ̀ṣọ́ sì jẹ́ 20. Bí kọ́lọ́ọ̀mù bá fẹ̀ ní 10, Ọ̀yọ́ pàápàá kò ní gbà sínú rẹ̀. Ẹ fún kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ ní 100 ó kéré tán. 254 ni òpin rẹ̀. GeoPackage kò ní wàhálà yìí, nítorí náà òun ni mo ń fi pa gbogbo dátà tó ní orúkọ Yorùbá mọ́.

Èyí tó ṣòro jù láti rí ni orúkọ méjì tó jọra lójú, tí kò sì jọra nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ so tábìlì èrò ìlú mọ́ máàpù nípasẹ̀ orúkọ, ìdajì ìlú ní àwọ̀, ìdajì kò ní, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn bára mu lójú yín. Ìdí ni pé a lè kọ lẹ́tà ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀ kí a tó fi àmì ohùn sí i, o lásán, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn, tàbí ó tó ti ní àmì ohùn kí a tó fi àmì abẹ́ sí i. Nínú Field Calculator, ẹ dán èyí wò:

length("oruko")

Bí Ọ̀yọ́ bá fún yín ní 5 nínú fáìlì kan, tó fún yín ní 7 nínú èkejì, ẹ ti mú u. Nínú Function Editor, ẹ kọ iṣẹ́ Python kékeré kan tó ń lo unicodedata.normalize('NFC', …), tó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kí ẹ ṣe é sórí tábìlì méjèèjì. Àwọn keyboard kan sì wà tí kì í lo àmì tó-tó lábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré òòró ni wọ́n ń fi síbẹ̀. NFC kò mú ìyẹn lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí:

replace("oruko", char(809), char(803))

Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ má fi orúkọ so tábìlì rárá. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ so ó, kí orúkọ wà fún ojú ènìyàn nìkan.

Bí orúkọ kò bá hàn rárá lórí máàpù, tí fọ́ńtì sì dára, ẹ wo gbólóhùn label, ìyẹn ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sórí máàpù. Bí ẹ bá fi || so kọ́lọ́ọ̀mù méjì, tí ọ̀kan jẹ́ NULL (kò sí nǹkan nínú rẹ̀), gbogbo rẹ̀ á di NULL, kò ní sí label. Ẹ lo concat() dípò rẹ̀. QGIS sì máa ń fi label tí kò bá ráyè pamọ́. Bọ́tìnnì kan wà nínú Label Toolbar tó ń fi àwọn label tí kò ráyè hàn ní pupa. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n wà, ẹ dín ìwọ̀n fọ́ńtì kù, tàbí kí ẹ gbà kí wọ́n lè gun ara wọn nínú Rendering.

Nígbà tó bá jẹ́ àwọ̀ ló jẹ̀bi lóòótọ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Layer ilẹ̀ tó kún fún àwọ̀ wà lókè layer point. Ẹ fà á sísàlẹ̀. Opacity wà lórí 0. Nínú Categorized, wọ́n ti pa all other values rẹ́, ẹnìkan wá kọ irú ilé tuntun sínú tábìlì lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti tẹ Classify, nítorí náà ilé tuntun kò ní àwọ̀ kankan. Ẹ tẹ Classify lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sì kíyè sí unit ìlà. 0.26 mílímítà ni ìlà máa ń jẹ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Bí unit bá di Map Units nínú iṣẹ́ tó wà ní dígírì, 0.26 dígírì nìyẹn, tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 29. Ọ̀nà kan ṣoṣo á bo ìlú mọ́lẹ̀.

Raster, ìyẹn dátà tó jẹ́ àwòrán, tó dúdú kirikiri, tàbí tó jẹ́ eérú kan náà látòkèdélẹ̀, nọ́ńbà náà ló tún fà á. Àwọn àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 kì í ṣe 0 sí 255 bíi fọ́tò; nọ́ńbà wọn lè dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nínú Symbology, ẹ ṣí Min / Max Value Settings, ẹ yan Cumulative count cut, 2 sí 98. Bí ìkùukùu bá bo apá kan àwòrán, ẹ yí Statistics extent sí Updated canvas, kí ìṣirò lè dá lórí ibi tí ẹ ń wò nìkan. Fún àwọ̀ bí ojú ṣe ń rí i, band 4, 3, 2 ni fún Sentinel-2 àti Landsat 8, ṣùgbọ́n 3, 2, 1 ni fún Landsat 7. Ní ti SRTM tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, -32768 ni ó fi ń dípò ibi tí kò ní dátà. Bí nọ́ńbà yẹn bá wọ ìṣirò Min, òkè Ìdànrè àti etí ọ̀sà Èkó á gba àwọ̀ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú Additional no data value, ní Transparency.

Máàpù OpenStreetMap tó funfun: ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo Network nínú Options bí ọ́fíìsì yín bá ń lo proxy, kí ẹ sì wo déètì àti aago kọ̀ǹpútà, torí bí déètì bá ṣì, ìsopọ̀ https kò ní gbà. Bí ó bá hàn ṣùgbọ́n tí orúkọ òpópónà rẹ̀ ṣú, iṣẹ́ yín wà ní CRS mìíràn, QGIS sì ń fa àwòrán 3857 gùn kí ó lè bá a mu. Ẹ fi iṣẹ́ náà sí EPSG:3857 nígbà tí ẹ bá kàn ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ilẹ̀, ẹ dá a padà sí UTM.

Iṣẹ́ tí ẹ gbé sórí flash tó ṣí pẹ̀lú Handle Unavailable Layers kò bàjẹ́. Lẹ́tà draifu ló yí padà láti E sí F. Ẹ tọ́ka sí fóldà tuntun, kí ẹ sì yí Save paths sí Relative nínú Project Properties, General, kí iṣẹ́ àti dátà wà nínú fóldà kan. Ṣùgbọ́n layer tó ní àmì chip kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti QGIS láìtọ́jú rẹ̀, kò sí mọ́.

Bí panel bá pòórá lójijì, Ctrl+Tab ni ẹ tẹ̀. Ctrl+Shift+Tab máa ń pa gbogbo nǹkan bí kò ṣe máàpù nìkan. Ẹ tún un tẹ̀ kí wọ́n padà. Bí QGIS bá ń ṣe ségesège tí ẹ kò mọ ìdí, ẹ lọ sí Settings, User Profiles, New Profile, kí ẹ ṣí iṣẹ́ kan náà níbẹ̀. Bí ó bá dára níbẹ̀, plugin tàbí ètò inú profile àtijọ́ ló fà á, ẹ má tìtorí ẹ̀ tún QGIS gbé wọlé látìbẹ̀rẹ̀. 3D View tó dúdú nìkan ló máa ń mú mi lọ wo draifa káàdì àwòrán kọ́kọ́, torí OpenGL ló ń lò. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń fà, Create Spatial Index fún vector ńlá (dátà point, ìlà tàbí ilẹ̀) àti Pyramids fún raster ńlá ń ṣiṣẹ́ ju RAM tuntun lọ nínú ọ̀pọ̀ ìgbà.

Nínú Print Layout, bí máàpù bá yàtọ̀ sí ti ojú iṣẹ́, ẹ wo bóyá Lock layers tàbí Follow map theme wà ní títàn, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Refresh. Orúkọ òpópónà OpenStreetMap máa ń kéré gan-an ní 300 dpi, torí QGIS ń lọ gba tile (àwòrán kéékèèké tí a tò di máàpù) tó sún mọ́lẹ̀ sí i kí àwòrán lè pé. Ẹ dín in kù sí 150, kí ẹ tún wò ó. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe PDF, ẹ yan kí ó kó ọ̀rọ̀ jáde bíi path, kí àmì ohùn lè dúró lórí lẹ́tà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní lè wá orúkọ ìlú nínú PDF náà. Bí ẹ bá nílò ìyẹn, ẹ kó o jáde bíi text object, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ tó fi ránṣẹ́.